Ṣé géèmù mi á bá mi dé orí láptọ́ọ̀pù tuntun? Ìdáhùn fún àbúrò wa kan ní FUTA

Àbúrò wa kan tó ń kàwé ní FUTA, níbí ní Àkúrẹ́, ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí mi tó wà ní Kánádà fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún mi, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú méjì, MacBook Air M1 tàbí láptọ́ọ̀pù Windows tó ń lo Snapdragon. HP Intel ni mò ń lò báyìí, tòkúnbọ̀ ni, orí ẹ̀ ni mo ti ń gbá gbogbo géèmù mi: GTA V, EA FC, PES 2013, Football Manager, àti Valorant pẹ̀lú àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní ṣípù ti méjèèjì yàtọ̀ sí ti Intel pátápátá. Ṣé àwọn géèmù mi á bá mi lọ?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kí owó tó jáde lápò àǹtí ẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti rà á tán ni wọ́n ń wá bá mi, wọ́n á gbé láptọ́ọ̀pù lé orí káńtà, wọ́n á ní "ọ̀gá, ẹ bá mi fi GTA sí i." Kí n ti sọ bí mo ṣe rí i ná: agbára ṣípù, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kọ́ ni wàhálà ẹ. M1 yẹn lágbára ju HP tó ò ń lò lọ dáadáa. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá yí ṣípù padà, àwọn nǹkan tí géèmù fẹ̀yìn tì ló yẹ kéèyàn wò, bóyá wọ́n bá a sọdá àbí wọ́n dúró sẹ́yìn. Torí náà géèmù kọ̀ọ̀kan la máa yẹ̀ wò, mi ò ní fi ẹnu kan dá ẹjọ́ gbogbo wọn.

Ṣípù kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tó gbọ́. Èyí tí Intel àti AMD gbọ́ ni wọ́n ń pè ní x86, àtorí ṣípù kan tó ń jẹ́ 8086 tí Intel gbé jáde ní 1978 ni wọ́n ti ń bá a bọ̀. ARM ní tiẹ̀, ilé-iṣẹ́ Acorn ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, ló ṣe àkọ́kọ́ ẹ̀ ní 1985, òun náà ló wà nínú fóònù tó o fi kọ̀wé sí mi yẹn. M1, ARM ni. Snapdragon, ARM ni. Kì í sì í ṣe irú ti ọmọ Àkúrẹ́ tó pàdé ọmọ Ìlàjẹ o, àwọn yẹn tí wọ́n bá jókòó díẹ̀ wọ́n á gbọ́ra wọn yé. Irú ti ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan ni, tó lọ ra ẹran ní Sábó lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ Haúsá nìkan. Géèmù tó o dáónlóòdù yẹn, àwọn tó ṣe é ti yí i sí èdè ṣípù kan kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, x86 ni wọ́n sì sábà máa ń yí i sí torí ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí.

Kí ló wá dé tí géèmù x86 kankan tiẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lórí ARM? Ògbufọ̀ ni. O mọ bó ṣe máa ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí pásítọ̀ bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù tí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń tú u sí Yorùbá. Ògbufọ̀ kan wà tí pásítọ̀ ti fún ní ìwé ìwàásù látàná, ó ti kọ Yorùbá ẹ̀ sílẹ̀ tán, ó kàn ń kà á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bó ṣe ń gbọ́ ọ ló ṣe ń tú u, tí pásítọ̀ bá ń sáré, òun náà á máa mí hẹlẹ. Rosetta 2, ògbufọ̀ Apple tó bá M1 jáde ní November 2020, ti àkọ́kọ́ yẹn ló ń ṣe jù: ó máa túmọ̀ géèmù náà sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, á tọ́jú ìwé ẹ̀, ìwọ̀nba èyí tí géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ bó ṣe ń lọ ló máa ń túmọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó o bá tẹ géèmù Intel lórí M1, wàá rí i tí àwòrán ẹ̀ á máa fò sókè, á bọ́ sílẹ̀, á tún fò, nísàlẹ̀ skíríìnì níbẹ̀, ó lè pẹ́ débi tí wàá fi rò pé ó ti kú. Má pa á. Ògbufọ̀ ló ń kọ̀wé lọ́wọ́. Tó o bá tì í tó o tún ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, wàá rí i pé ó yá, torí ìwé ti wà nílẹ̀.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó wú mi lórí gan-an, mi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́. Ká ní èèyàn méjì ń kọ owó àjọ sínú ìwé kan náà. Òfin x86 ni pé ohun tí mo bá kọ́kọ́ kọ, òun ni ẹnì kejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí. ARM ò dè é tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ó lè jẹ́ kí èyí tó kọ ṣìkejì hàn kí ti àkọ́kọ́ tó hàn, tó bá ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ló máa yá jù. Géèmù òde òní sì ní ọwọ́ púpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ètò kíkọ yẹn bá dàrú báyìí, ohun gbogbo dàrú nìyẹn, owó á pòórá, ẹni tó o yìnbọn lù á ṣì máa rìn. Ògbufọ̀ tí ò rí ìrànlọ́wọ́ á máa dúró yẹ ìwé wò ní gbogbo ìṣẹ́jú, ìyẹn á sì fà á sẹ́yìn. Ohun tí Apple ṣe ni pé wọ́n kọ́ ọ mọ́ ara ṣípù M1 fúnra ẹ̀ pé tí Rosetta bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ṣípù máa tẹ̀ lé òfin x86. Ìdí nìyẹn tí géèmù tí wọ́n túmọ̀ fi ń sáré lórí ẹ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ.

Rosetta náà ní ibi tí ọwọ́ ẹ̀ ò tó o. Àwọn gbólóhùn kan wà nínú èdè x86 tí wọ́n ń pè ní AVX, tí géèmù ńlá ńlá fi ń ṣe ìṣirò kíákíá. Rosetta ò gbọ́ wọn rárá láti 2020, títí macOS Sequoia (macOS ni ètò tó ń darí Mac) fi dé ní 2024, géèmù tó bá ti pe AVX nígbà yẹn kàn máa tì pa ni, kò ní sọ ìdí. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún ẹ pé òun gbìyànjú géèmù báyìí báyìí lórí M1 tí kò ṣiṣẹ́, bi í léèrè pé ọdún wo ni, macOS wo ló wà lórí ẹ̀.

Yàtọ̀ sí ṣípù, géèmù tún ń bá apá tó ń ya àwòrán sọ̀rọ̀, èdè mìíràn pátápátá nìyẹn. Lórí Windows, Direct3D ni èdè yẹn. Lórí Mac, Metal ni. OpenGL tí ọ̀pọ̀ géèmù Mac àtijọ́ ń lò, Apple ti kéde ní 2018 pé àwọn ti fi í sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lóye nìyí: Rosetta ò sọ géèmù Windows di géèmù Mac o. Géèmù Mac tí wọ́n ṣe fún Intel ló ń bá sọ̀rọ̀. Géèmù Windows tó bá máa dé orí M1, ògbufọ̀ mẹ́ta ló nílò, Rosetta fún èdè ṣípù, Wine fún gbogbo ohun tó bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Windows, àti ẹ̀kẹta tó máa yí Direct3D sí Metal. Apple fúnra wọn gbé irú ẹ̀kẹta yìí jáde ní June 2023 nínú ohun tí wọ́n pè ní Game Porting Toolkit, àwọn tó ń ṣe CrossOver sì ti kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan tí kò fi ní sú èèyàn. Owó ni wọ́n ń fi ra CrossOver, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ 14 kó fi dán an wò ná, lo ọjọ́ yẹn dáadáa kó o tó sanwó.

Ó wá ku anti-cheat, òun ló sì máa bà ẹ́ nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀. Anti-cheat ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn oníjìbìtì má baà wọlé. Àwọn kan nínú wọn ò gbà láti dúró sí géètì, wọ́n ní inú yàrá tí wọ́n ń kó owó ilé sí gan-an làwọn fẹ́ máa sùn. Inú yàrá yẹn ni wọ́n ń pè ní kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Kò sí ògbufọ̀ kankan tó ń wọ yàrá yẹn, Rosetta o, Wine o, Prism tó wà lórí Windows o, pálọ̀ ni gbogbo wọn ń dúró sí. Ọlọ́dẹ tó bá fẹ́ sùn nínú yàrá, àfi kó gbọ́ èdè onílé fúnra ẹ̀. Tí ilé-iṣẹ́ tó ni anti-cheat yẹn ò bá kọ driver ARM, ìyẹn apá ẹ̀ tó ń gbé inú yàrá yẹn, fún un, géèmù ò ní ṣí, bí láptọ́ọ̀pù ẹ tiẹ̀ lágbára tó ti NASA.

Ó yá, ká wá gbé àwọn géèmù ẹ lé orí tábìlì.

Football Manager á bá ẹ lọ sórí MacBook. Wọ́n ti ń ṣe ti Mac ọjọ́ ti pẹ́, tó o bá sì ti rà á lórí Steam, ti Windows àti ti Mac ló jẹ́ tìẹ, kò sí pé o tún ń sanwó lẹ́ẹ̀kejì.

GTA V ò ní ti Mac. Ó lè gba inú CrossOver, ìyẹn èyí tó o máa gbá ní ìwọ nìkan, ìtàn Michael àti Franklin àti Trevor. GTA Online ní tiẹ̀, September 2024 ni wọ́n gbé anti-cheat tó ń jẹ́ BattlEye lé e lórí, látìgbà yẹn kò sí ọ̀nà àbùjá. Tó bá jẹ́ Online lo fi ń pàdé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, gbà pé kò ní bá ẹ lọ.

EA FC, gbàgbé ẹ̀ lórí Mac. Wọn ò ṣe ti Mac, wọ́n sì ní anti-cheat tiwọn tó ń sùn nínú yàrá, torí náà CrossOver ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́. Valorant náà nìyẹn, Vanguard tó ń ṣọ́ ọ le ju gbogbo wọn lọ, àtìgbà tó o bá ti tan kọ̀ǹpútà ló ti máa ń wà lójúfò. Kò tíì sí Valorant fún Mac rí. Mo mọ̀ pé òun lẹ fi ń ṣe ẹgbẹ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò sì rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó sàn kí n sọ ọ́ báyìí ju kó o gbé láptọ́ọ̀pù tuntun dé yàrá kó o wá máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ.

PES 2013 wá ni èyí tó ń ya èèyàn lẹ́nu. Géèmù àtijọ́ ni, ti 32-bit, ìyẹn irú ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò kí 64-bit tó rọ́pò ẹ̀. Lórí Mac, láti October 2019 tí macOS Catalina dé ni ohun tó bá jẹ́ 32-bit ti dẹ́kun, Intel ni wọ́n sì ń lò nígbà yẹn o, ṣípù tuntun ò tíì dé rárá. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó gbé MacBook ẹ̀ wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó ṣe àpúdéètì, ó ṣí fódà géèmù ẹ̀ fún mi, àwòrán géèmù wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àmì róbótó tí wọ́n fi ìlà dábùú bò wọ́n lójú, irú èyí tó máa ń wà lójú títì pé má wọbí. Ó ń tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Àwọn ayé àtijọ́ bíi Portal àti Half-Life 2, tí Valve ò yí ti Mac wọn sí 64-bit, ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Síbẹ̀ PES 2013 lè gba inú CrossOver dé orí M1, torí àwọn tó ṣe CrossOver wá ọgbọ́n tí 32-bit ti Windows fi ń rìn nínú 64-bit. Lórí Snapdragon, ó tiẹ̀ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àtọdún 2017 ni Windows orí ARM ti ń túmọ̀ x86 32-bit. Ṣó o rí i báyìí, géèmù tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá lè sọdá kí èyí tí wọ́n ń ṣe àpúdéètì ẹ̀ lóṣooṣù má lè sọdá.

Tó bá sì jẹ́ pé bọ́ọ̀lù PES ṣáá lo fẹ́, PPSSPP tí gbogbo ọmọ àdúgbò fi ń gbá a lórí fóònù, ARM ni ilé ẹ̀, ó wà fún Mac, kò nílò ògbufọ̀ kankan níbẹ̀. Minecraft Java náà ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu. Géèmù tí wọ́n fi Java kọ kì í bá ṣípù sọ̀rọ̀ tààrà, Java ló ń bá sọ̀rọ̀, tí Java bá ti sọdá báyìí, ó gbé e mọ́ra nìyẹn.

Kó o má baà rò pé ilé ti dá páropáro lórí Mac: Resident Evil Village dé ní October 2022, ó ń sọ èdè M1 tààrà. No Man's Sky dé ní 2023, Baldur's Gate 3 náà, Assassin's Creed Shadows ní March 2025, Cyberpunk 2077 ní July 2025. Àwọn tí wọ́n bá tún kọ báyìí, ayọ̀ ni kéèyàn gbá wọn. Ṣùgbọ́n èyí wà lọ́wọ́ ẹni tó ni géèmù pátápátá. Counter-Strike wà lórí Mac fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Counter-Strike 2 rọ́pò ẹ̀ ní September 2023, Valve ò ṣe ti Mac, wọ́n ní èrò tó ń gbá a níbẹ̀ ò tó nǹkan. Rocket League ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní March 2020, ó kù díẹ̀ kí M1 tiẹ̀ jáde. Ṣípù ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú méjèèjì.

Ọmọ kan tún wá bá mi, ó ti ra M1 lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ìlú tó fi dá a lójú pé òun máa bá a fi Windows sínú ẹ̀, pé á dà bíi láptọ́ọ̀pù méjì nínú ẹyọ kan. Láptọ́ọ̀pù yẹn wà lọ́wọ́ onítọ̀hún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n tún gba owó "software" lórí ẹ̀. Boot Camp ni ohun tí onítọ̀hún ní lọ́kàn, èyí tí wọ́n fi máa ń fi Windows sórí MacBook Intel, tó o bá ti tan kọ̀ǹpútà wàá mú èyí tó o fẹ́. Boot Camp ò sí fún M1 àti gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e, kò sí ọwọ́ tó lè fi síbẹ̀. Windows tó lè wọ orí ẹ̀ ni Windows 11 ti ARM, tí á máa gbé inú ètò kan tó ń jẹ́ Parallels bí àlejò, nínú yẹn, ògbufọ̀ ló tún máa ń túmọ̀ géèmù, anti-cheat sì ṣì ń sọ pé rárá. Owó ọmọ yẹn ò padà. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé òun á fi Boot Camp sórí M1 fún ẹ, má ṣe gbé láptọ́ọ̀pù ẹ fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn jù ni pé ògbufọ̀ kì í pẹ́ títí lẹ́nu iṣẹ́. Apple ti yí ṣípù padà rí: ní 1994 wọ́n kúrò lórí Motorola 68000 bọ́ sórí PowerPC, ní 2006 wọ́n kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí Intel. Rosetta àkọ́kọ́ ló ń túmọ̀ PowerPC nígbà yẹn, nígbà tó di 2011 tí Mac OS X Lion jáde, wọ́n yọ ọ́ kúrò, géèmù PowerPC tí ẹni tó ni ín ò tún kọ́ di ohun ìrántí lọ́jọ́ kan náà. Ọdún márùn-ún péré. Rosetta 2 ní tiẹ̀, Apple ti sọ ní June 2025 pé á wà lódindi títí dé macOS 27, tó bá ti kọjá ibẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n máa dá sí, fún àwọn géèmù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú mọ́. Inú mi dùn pé wọ́n rántí géèmù lọ́tẹ̀ yìí, torí géèmù ò dà bí ohun tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà tí wọ́n á ṣe tuntun ẹ̀ lọ́dọọdún, ẹni tó ṣe é lè ti kógbá sílé. Ṣùgbọ́n "ìwọ̀nba díẹ̀" ni wọ́n sọ. Torí náà, géèmù tó ò ń gbá lórí Mac tó jẹ́ ti Intel, má ṣe àpúdéètì macOS ńlá lálẹ́ ọjọ́ tó bá jáde, dúró kí àwọn mìíràn kọ́kọ́ rìn ín.

Snapdragon ńkọ́? Ìrìn àjò ti Microsoft gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Windows RT jáde lórí ARM, kò ní ògbufọ̀ kankan, àwọn tó rà á ò rí géèmù Windows àtijọ́ wọn gbá. 2017 ni ògbufọ̀ 32-bit dé, Windows 11 ní 2021 mú ti 64-bit wá, Prism wá bá Windows 11 24H2 àti àwọn láptọ́ọ̀pù Snapdragon X jáde ní 2024. Prism dára, ó ń gbé géèmù tó pọ̀, àwọn tí kò ní anti-cheat tí kò sì wúwo jù. Àǹfààní ẹ̀ lórí Mac ni pé Windows náà ni, Direct3D wà níbẹ̀ fúnra ẹ̀, ògbufọ̀ ṣípù nìkan ló kù. Àléébù ẹ̀ ni pé apá tó ń ya àwòrán nínú Snapdragon X, wọ́n ò kọ géèmù PC fún un láti ilẹ̀, wàá máa rí àwọn tí àwòrán wọn ń fọ́ tàbí tó ń dí lójú. Ti anti-cheat ti ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀: Epic kéde ní 2025 pé àwọn ń mú Easy Anti-Cheat wá sórí Windows ti Snapdragon kí Fortnite lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n Fortnite kọ́ lo sọ pé ò ń gbá, Vanguard ni wàhálà tìẹ.

Tó o bá máa mú MacBook, sọ fún àǹtí ẹ pé 16GB ni. Mo bẹ̀ ẹ́, má gba 8GB torí pé ó dín owó kù. Lórí M1, mẹ́mórì kan náà ni ṣípù àti apá àwòrán jọ ń jẹ, ògbufọ̀ náà tún ń bù nínú ẹ̀, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣípù, ẹnikẹ́ni ò lè bá ẹ fi kún un lẹ́yìn ọ̀la, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Cyberpunk 2077 gan-an, 16GB ni wọ́n kọ pé ó kéré jù. Wo àyè ìpamọ́ náà o, Baldur's Gate 3 nìkan ń béèrè àyè 150GB, dátà tó o máa fi fà á wálẹ̀ tún ńkọ́. Ti iná, ibẹ̀ ni M1 ti jẹ́ ọ̀rẹ́ èèyàn ní ilẹ̀ tiwa yìí. Ọjọ́ tí BEDC bá mú iná lọ láti àárọ̀, wàá kàwé lórí ẹ̀ dé alẹ́. Kò ní fáànù, torí náà tó o bá gbá géèmù tó wúwo fún wákàtí kan, á gbóná, á sì rọra dín eré ẹ̀ kù kó má baà jóná, má gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì, wá nǹkan líle kan fi sábẹ́ ẹ̀.

Tó o bá ti ní kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́, kò sí pé ò ń bi èèyàn mọ́. Lórí Mac, ṣí Activity Monitor nígbà tí géèmù bá ń lọ lọ́wọ́, wo ibi tí wọ́n kọ Kind sí: tó bá kọ Apple, ó ń sọ èdè ṣípù fúnra ẹ̀, tó bá kọ Intel, Rosetta ló ń ru ú. Lórí Windows, ṣí Task Manager, lọ sí Details, mú Architecture jáde: tó bá kọ ARM64, ó ń sọ èdè ṣípù fúnra ẹ̀, tó bá kọ x64 tàbí x86, Prism ló ń ru ú.

Èyí tí èmi máa mú tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ: iṣẹ́ ilé-ìwé ló ń mú àǹtí ẹ ná owó yìí, MacBook Air 16GB á sìn ẹ́ pẹ́, bátìrì ẹ̀ nìkan tó ìdí, Football Manager á sì bá ẹ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní ta HP yẹn. Àwọn ará Oyèmẹ́kùn máa sọ iye kékeré kan fún ẹ lórí ẹ̀, má gbà. Òun ni ilé Valorant àti EA FC ẹ, kò sí ibòmíràn tí wọ́n máa gbé báyìí. Nu fáànù ẹ̀, pààrọ̀ thermal paste ẹ̀, tí àyè bá wà fi RAM kún un, torí ti ọ̀pọ̀ HP ṣeé fi kún. Kí MacBook tó dé, wọ orí HP yẹn kó o kó fódà tí Football Manager ń tọ́jú eré ẹ sí sínú fláàṣì, àwọn fáìlì wọ̀nyẹn ń ṣí lórí méjèèjì, kí kíláàbù tó o ti ń tọ́ láti sáà mélòó kan má baà ṣòfò. Tí kò bá yé ẹ ibi tí fódà náà wà, gbé HP wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Sátidé, à á jọ kó o.